Àpótí lésà àti ihò tẹ́ẹ́rẹ́: irinṣẹ́ tó jẹ́ kí òfin àìdánilójú Heisenberg ṣeé fojú rí

Bí ẹ bá ń wá ohun tó máa jẹ́ kí òfin àìdánilójú yé ọmọ tó ń kọ́ físíìsì, tàbí kó yé ẹ̀yin fúnra yín, ẹ ra àpótí yìí kẹ́ ẹ tó ra ìwé kankan. Òfin náà ni pé bí a bá ṣe mọ ibi tí nǹkan bíntín wà dájú tó, bẹ́ẹ̀ ni bó ṣe ń lọ á ṣe di àìdánilójú tó. Mi ò fi ọ̀kan pe méjì. Oríṣi rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ yàrá ìdánwò fún ilé ẹ̀kọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ní lésà pupa kékeré kan tí gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 650, irin pẹlẹbẹ méjì tó dojú kọra tí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín wọn, síkírù tí a fi ń fún ihò náà tàbí tí a fi ń là á, ẹsẹ̀ méjì tó ń gbé wọn dúró, gíláàsì kékeré tí wọ́n na irun kan ṣoṣo sí, àti ìwé ìléwọ́ kan. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kò sì sí wáyà. Olùkọ́ físíìsì ni mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ti ń múra àtiwọ yunifásítì ni mo rà á fún, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo ń lò ó jù.

Bí a ṣe ń lò ó kò le. Ẹ gbé lésà sẹ́yìn ihò náà, ẹ jẹ́ kí ògiri funfun wà ní mítà 2 sí i, ẹ pa iná yàrá. Nígbà tí ihò bá ṣì fẹ̀, àmì pupa kékeré kan ṣoṣo lẹ máa rí lára ògiri. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí síkírù náà díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ọkàn gbogbo èèyàn ń retí ni pé bí ihò bá ṣe ń há sí i ni àmì náà á máa kéré sí i. Lóòótọ́, á kọ́kọ́ kéré, irin méjèèjì á máa gé ìmọ́lẹ̀ náà lọ́tùn-ún lósì. Tó bá ṣe díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ yí padà. Ihò ń há, àmì ń fẹ̀. Ẹ tún yí i díẹ̀, ó tún fẹ̀ sí i, àwọn àmì kéékèèké sì tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, tí òkùnkùn sì là wọ́n láàárín. Kò sí ẹni tí mo fi èyí hàn tí kò dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Mo fi rúlà wọn àmì àárín náà, láti ibi tí òkùnkùn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lósì. Nígbà tí ìbú ihò jẹ́ mìlímítà 0.2, àmì náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1.3. Nígbà tó di mìlímítà 0.1, àmì náà di sẹ̀ǹtímítà 2.6. Ní mìlímítà 0.05, ó kọjá sẹ̀ǹtímítà 5 díẹ̀. Bí ẹ bá dín ihò kù sí ìdajì, àmì á di ìlọ́po méjì. Ọmọ tó bá ya gíráàfù rẹ̀ á rí i pé bí a bá fi ìbú ihò ṣe ìlọ́po ìbú àmì, iye kan náà ló ń jáde ní gbogbo ìgbà.

Iye tí kì í yí padà yẹn ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Ihò ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá fún wa: bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà 0.1, a mọ̀ dájú pé gbogbo fótóònù, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó dé ara ògiri gba inú mìlímítà 0.1 yẹn kọjá, kò gba ibòmíràn. Àmì ara ògiri ń sọ nǹkan mìíràn. Ó ń sọ bí momentum àwọn fótóònù náà sí apá ọ̀tún tàbí apá òsì ṣe yàtọ̀ síra tó. Fún bọ́ọ̀lù, momentum ni ìwọ̀n ara rẹ̀ ní ìlọ́po eré rẹ̀; fún fótóònù, nọ́ńbà Planck ni (nọ́ńbà bíntín kan tí kì í yí padà, tí a ń pè ní h), tí a fi gígùn ìgbì rẹ̀ pín. Nítorí náà, síkírù kékeré yìí ń fi yín sípò ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí nǹkan wà, ògiri sì ń fi ohun tó bọ́ lọ́wọ́ yín hàn. Bí ẹ bá ṣe ń mọ ibi tó gbà dájú sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìhà tó kọrí sí ń di àìdánilójú sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn bi: “Ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé kì í ṣe pé irinṣẹ́ wa ni kò dára tó?” Mo ní kó mú síkírù náà dání fúnra rẹ̀. Ká ní àìdára irinṣẹ́ ló fà á ni, irinṣẹ́ tó dára jù ì bá dín àmì náà kù. Ṣùgbọ́n bí irin méjèèjì bá ṣe jọ́ra wọn tó, tí wọ́n sì súnmọ́ra wọn láìsí àbùkù tó, bẹ́ẹ̀ náà ni àmì ń fẹ̀, tí àwọn ìlà òkùnkùn rẹ̀ sì ń mọ́ kedere. Dídára irinṣẹ́ ló ń gbé àìdánilójú náà jáde. Ọmọ náà yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó ní, “Ó ti yé mi, ma.” Mo sì gbà pé ó yé e lóòótọ́, nítorí òun ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnì kejì rẹ̀ láìdúró dè mí.

Nítorí èyí gan-an ni inú fi bí mi sí ojú ìwé kan nínú ìwé ìléwọ́ náà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ojú rere bẹ̀rẹ̀, wọ́n padà sí àlàyé àtijọ́ pé òfin yìí wà nítorí pé bí a bá fẹ́ wo ẹ̀lẹ́kítíróònù, ohun bíntín tó wà nínú átọ̀mù, ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń wò ó á ti í kúrò níbi tó wà. Wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀. Àlàyé yẹn kò ṣàdédé wá. Werner Heisenberg, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òfin náà, ló kọ́kọ́ lò ó fúnra rẹ̀ ní 1927, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Niels Bohr ní Copenhagen. Bohr rìnrìn àjò lọ sí Norway, Heisenberg sì jókòó ti ìṣirò rẹ̀, ó ní kí á ronú nípa máíkírósíkóòpù kan tó ń lo ìtànṣán gámà láti wo ẹ̀lẹ́kítíróònù kan. Ìtànṣán gámà ní ìgbì kúkúrú, nítorí náà á fi ibi tí nǹkan náà wà hàn dáadáa, ṣùgbọ́n á gbá a lágbára.

Nígbà tí Bohr padà dé, ó rí i pé àlàyé náà kò pé. Gbígbá nìkan kò tó. Ká ní a mọ bí ìtànṣán náà ṣe gbá ẹ̀lẹ́kítíróònù tó, à bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ká yọ ọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ohun tó dí wa lọ́wọ́ ni pé ojú awò máíkírósíkóòpù fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó wọlé lè gba ẹ̀gbẹ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀ wọlé, nítorí ìgbì ni. Àwọn méjèèjì jiyàn gan-an. Níkẹyìn Heisenberg fi àfikún sí ìparí ìwé rẹ̀ kó tó jáde, ó sì sọ níbẹ̀ pé Bohr ló tọ́ka sí ohun tí òun fojú fò. Ó dùn mí pé ẹni tó kọ ìwé ìléwọ́ yìí mú máíkírósíkóòpù, ó fi àfikún sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó láti so ó pọ̀: ojú awò yẹn àti ihò tó wà nínú àpótí yìí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ewu tó wà nínú àlàyé ti gbígbá nìkan ni pé ó ń jẹ́ kí èèyàn rò pé ẹ̀lẹ́kítíróònù ní ibi kan pàtó àti eré kan pàtó tẹ́lẹ̀, àwa ni a wá bà á jẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ wa tó wúwo. Òfin tí Earle Kennard, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, fi ìṣirò gbé dúró ní 1927 kan náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kò sí ipò kankan tí ẹ lè pèsè ẹ̀lẹ́kítíróònù sí tí ìfọ́nká ibi tó wà, ní ìlọ́po ìfọ́nká momentum rẹ̀, á fi kéré ju ìdajì ħ lọ. ħ ni nọ́ńbà Planck, 6.63 × 10⁻³⁴ joule ní ìlọ́po sẹ́kọ́ńdì, tí a fi 2π pín. Ọ̀rọ̀ nípa ipò nǹkan náà ni, bóyá ẹnikẹ́ni wò ó tàbí kò wò ó. Masanao Ozawa ní orílẹ̀-èdè Japan tún fi hàn ní 2003 pé iye tí wíwọ̀n fi ń da nǹkan rú jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, tó ní ìdọ́gba tirẹ̀. Ní 2012 àwọn tó ń ṣèwádìí ní Vienna fi néútíróònù, ohun bíntín mìíràn tó wà nínú átọ̀mù, dán an wò, wọ́n sì rí i pé ìlà tí wọ́n máa ń fà fún àṣìṣe ìwọ̀n àti ìdàrú ṣeé kọjá, nígbà tí ti Kennard dúró digbí. Ìwé ìléwọ́ tí wọ́n ń tà fún olùkọ́ lónìí yẹ kó mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe ni ìṣirò tó wà lójú ìwé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí ọmọ mú ìbú ihò gẹ́gẹ́ bí àìdánilójú ibi, kó mú ìdajì ìbú àmì láti fi mọ àìdánilójú momentum, kó sì fi wọ́n ṣe ìlọ́po ara wọn. Èyí dára. Momentum fótóònù pupa yìí jẹ́ 1.02 × 10⁻²⁷ kìlógíráàmù-mítà ní sẹ́kọ́ńdì kan. Pẹ̀lú ihò mìlímítà 0.1, ìpín rẹ̀ tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 6.6 × 10⁻³⁰. Tí a bá fi ìbú ihò ṣe ìlọ́po rẹ̀, nọ́ńbà Planck fúnra rẹ̀ ló jáde, 6.6 × 10⁻³⁴. Ìgbà tí ọmọ bá rí nọ́ńbà yẹn jáde láti inú rúlà àti ògiri, ojú rẹ̀ máa ń yí padà. Èmi náà, ara mi ṣì máa ń yá gágá sí i. Ṣùgbọ́n ìwé náà ní “ó bá òfin mu”, kò sì sọ ìdí tí h fi jáde dípò ìdajì ħ, nígbà tí h fi nǹkan bí ìlọ́po 12.6 ju ìdajì ħ lọ. Ọmọ tó bá ní làákàyè á béèrè. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: òfin náà sọ ilẹ̀ tí a kò lè lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, kò sọ pé orí ilẹ̀ yẹn ni gbogbo nǹkan dúró sí. Ihò tí etí rẹ̀ mú bí irin yìí ń tú ìmọ́lẹ̀ ká ju bó ṣe pọn dandan lọ, ìbú tí a sì fi ojú yàn láti òkùnkùn dé òkùnkùn kì í ṣe irú ìfọ́nká tí Kennard fi ṣe ìṣirò. Ìgbì tó rọra ń dín kù láti àárín lọ sí etí, èyí tí wọ́n ń pè ní ti Gauss, ló ń dé orí ilẹ̀ náà gan-an. Gbólóhùn mẹ́ta péré ì bá ti tán an.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn ìwé náà jù ni ojú ìwé tí wọ́n ti ní kí a gbé lésà sílẹ̀ ná, kí a mú fóònù, kí a fi gba ohùn sílẹ̀, kí á sì wo àwòrán ìró inú rẹ̀. Ẹ fi ẹnu fa ohùn kan gùn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á jáde: ìró rẹ̀ dájú, ṣùgbọ́n kò sí ìṣẹ́jú kan pàtó tí ẹ lè ní ìgbà yìí ló wà. Ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ìgbà tó ṣẹlẹ̀ á dájú bí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ á tàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò ní ìró kan tí ẹ lè mú. Kò sí ẹni tó ń dí wa lọ́wọ́ níbẹ̀, fóònù kò sì bàjẹ́. Bí ìgbì ṣe rí nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni ìwé náà wá mú Louis de Broglie wọlé, ẹni tó sọ ní 1924 pé ẹ̀lẹ́kítíróònù pàápàá ní ìgbì, àti Davisson àti Germer ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n rí i ní 1927 pé ẹ̀lẹ́kítíróònù ń tàn ká lára nikẹ́ẹ̀lì gẹ́lẹ́ bí ìgbì ṣe ń ṣe. Bí nǹkan bá ní ìgbì, tí gígùn ìgbì rẹ̀ sì ń sọ momentum rẹ̀, òfin àìdánilójú ti wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ẹni tó to àwọn ojú ìwé yìí bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́ olùkọ́.

Nǹkan kan wà tí àpótí yìí kò lè ṣe, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Àmì tó ń fẹ̀ lára ògiri nìkan kò fi ohunkóhun ti quantum, ìyẹn físíìsì àwọn ohun bíntín bí átọ̀mù àti fótóònù, hàn. Fresnel, onímọ̀ físíìsì ará Faransé, ti mọ bí a ṣe ń ṣe ìṣirò irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí Heisenberg tó gbé gègé, ìgbì ìmọ́lẹ̀ lásán ló sì lò. Ibi tí quantum ti wọlé ni pé ìmọ́lẹ̀ ń dé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ń balẹ̀ síbi kan ṣoṣo lára ògiri, tí àmì náà á sì máa kún lẹ́yọ lẹ́yọ. Lésà tí agbára rẹ̀ jẹ́ mílíwáàtì 1 ń tú fótóònù tó ju 3 × 10¹⁵ jáde ní sẹ́kọ́ńdì kan, nítorí náà ojú kò lè rí ẹyọ kankan nínú wọn. Geoffrey Taylor gbìyànjú rẹ̀ ní Cambridge ní 1909 pẹ̀lú iná tó ṣe bàìbàì débi pé àwòrán kan gbà á ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, àwọn ìlà ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn sì jáde síbẹ̀síbẹ̀. Ní 1989, Akira Tonomura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi ẹ̀lẹ́kítíróònù ṣe irú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, a sì rí àwọn àmì kéékèèké náà bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ wúruwùru títí tí ìlà fi yọ. Gbólóhùn kan péré ni ìwé ìléwọ́ fún gbogbo èyí. Èmi máa ń fi àwòrán Tonomura han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí n tó tan lésà, nítorí láìsí i, wọ́n á rò pé ìmọ́lẹ̀ kan ń ṣàn gba ihò ni, bíntín ni wọ́n á sì mú nínú ọ̀rọ̀ náà.

Gíláàsì onírun yẹn dára, ó ń ya èèyàn lẹ́nu pé irun kan tó dúró lójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ń ṣe irú àmì kan náà bí ihò tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó o, a sì lè fi mọ bí irun náà ṣe nípọn tó. Ojú ìwé tó sọ nípa agbára àti àkókò, ẹ fò ó. Wọ́n da ìyẹn pọ̀ mọ́ ti ibi àti momentum bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n, nígbà tí àkókò kì í ṣe ohun tí a ń wọ̀n lára ẹ̀lẹ́kítíróònù bí a ṣe ń wọn ibi tó wà.

Ìparí ìwé náà tún gbé wọn níyì. Wọ́n ní kí ọmọ ṣe ìṣirò ẹ̀lẹ́kítíróònù tó há sínú àlàfo tó tó átọ̀mù kan, 10⁻¹⁰ mítà: àìdánilójú eré rẹ̀ kò lè kéré ju nǹkan bíi kìlómítà 580 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Lẹ́yìn náà kó ṣe ti bọ́ọ̀lù tó wọ̀n tó gíráàmù 150, tí a mọ ibi tó wà dé orí mìlímítà 1. Ohun tó jáde kéré débi pé bí bọ́ọ̀lù náà bá ń fi eré yẹn lọ láti ìgbà tí àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀, bíi bílíọ̀nù ọdún 13.8 sẹ́yìn, kò tíì rìn tó ìbú átọ̀mù kan. Wọ́n wá fi gáàsì hílíọ́ọ̀mù kún un, tó jẹ́ pé bí a bá mú òtútù rẹ̀ dé ibi tí òtútù lè dé, kò ní di yìnyín, àfi tí a bá fi agbára tó tó ìlọ́po 25 ti afẹ́fẹ́ tẹ̀ ẹ́, nítorí pé àwọn átọ̀mù rẹ̀ kò lè dúró jẹ́ẹ́ síbi kan láìjẹ́ pé momentum wọn fọ́nká. Àpẹẹrẹ yìí ni mo fi ń dá àwọn tó rò pé ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé nìkan lóhùn.

Ní ti irinṣẹ́ fúnra rẹ̀, àbùkù kan wà tí mi ò lè gbójú fò: kò sí àmì ìwọ̀n kankan lára síkírù. Ìwé ní kí a fi ìbú àmì ara ògiri ṣe ìṣirò ìbú ihò. Ẹ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi àmì mọ ihò, tó tún wá fi ihò yẹn dán òfin wò, ó ń yí po lójú kan ni. Nọ́ńbà Planck tó máa jáde, òun fúnra rẹ̀ ló fi síbẹ̀. Ẹ wá irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo inú ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n kọ 0.05, 0.10 àti 0.20 sí lára, ẹ fi há àárín irin méjèèjì, ẹ yí síkírù títí tí á fi mú un ṣinṣin, kẹ́ ẹ wá rọra fà á yọ. Nígbà náà ni ìwọ̀n yín tó dá dúró lọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń gbé lésà náà tún ń mì díẹ̀. Mo fi rọ́bà dè é.

Bí mo bá ní kí n fún un ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún ni. Ìdánwò náà gba gbogbo máàkì tirẹ̀, ìwé ìléwọ́ ló pàdánù ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ rí fótóònù lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kó má rà á, nítorí ìyẹn gba ẹ̀rọ tó wọ́n ju èyí lọ fíìfíì. Olùkọ́ tó bá ní yàrá tó ṣeé ṣe ṣókùnkùn àti ògiri funfun kan kó rà á, kó ra irin ìwọ̀n mẹkáníìkì mọ́ ọn, kó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí ẹnikẹ́ni má wo ojú lésà náà rárá.